Agolo Dúdú

Wàídì, gbé irin yẹn kalẹ̀ ná.
Èémí rẹ ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró.
Jókòó sórí táyà yìí, kí n bi ọ́ léèrè:
kí lo jẹ láàárọ̀ kí o tó wá bá irin jìjàkadì?

O ní ìyẹ̀fun ni. Ṣíbí méjì nínú omi tútù.
O ní inú agolo dúdú kan ni, tí wọ́n ya ọkùnrin sí lára,
ọkùnrin tí kò lọ́rùn, tí èjìká rẹ̀ ti ga ju etí rẹ̀ lọ.
Owó iṣẹ́ oṣù kan gbáko lo kó lé e,
ìwọ tí ò ń há ìpẹ́ ẹja ní Olúwo láti ìdájí,
tí ìpẹ́ ń dán nínú irun rẹ títí dìrọ̀lẹ́.
Igba ẹja ń gba ọwọ́ rẹ kọjá kí oòrùn tó kan àtàrí,
o wá lọ ń ra iṣan nínú agolo.

Èmi, yanrìn ni mo wa nínú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún.
Mo di garawa mú, mo di èémí mú, mo rì,
mo ń gbé ìsàlẹ̀ omi wá sókè títí ọkọ̀ fi kún.
Kò sí dígí níbẹ̀ tí mo lè fi wo apá mi.
Ẹ̀wà la ń jẹ, ẹ̀wà tó jinná dé ibi tó ń ya,
àti òbòkún tí ọ̀gá ọkọ̀ sun lórí ẹyín iná.

Má rò pé ọgbọ́n ni mo ń tà.
Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ibi ìdárayá yìí,
ẹnì kan láti Ìkòròdú ta oògùn oníkóró fún mi nínú ọ̀rá.
Ọ̀rá náà kò lórúkọ.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, apá mi ti ń fa ẹ̀wù ya.
Mo ń jágbe mọ́ ọmọ nítorí ṣíbí tó já bọ́.
Ojú mi wú. Ìtọ̀ mi pọ́n bí omi sóbò.
Dókítà Fìjàbí ní ọsibítù ìjọba wo ìwé àyẹ̀wò mi,
kò bá mi jà. Ó kàn ní,
“Bàbá, kíndìnrín méjì péré ni Ọlọ́run fún yín.
Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n rà?”
N kò tíì rí èsì fún un títí dòní.

N kò ní kí o da agolo nù o.
Òun náà ló sọ pé ìyẹ̀fun wàrà kì í ṣe májèlé
fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Oúnjẹ ni. Ó kàn wọ́n ni.
Ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣèlérí àyà gbàgàdà lọ́jọ́ mẹ́wàá,
wo nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì dá a padà.
Ẹ̀bà kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Irin kì í fi ebi gòkè.
Mu omi kí òùngbẹ tó ránṣẹ́ sí ọ.
Sùn, Wàídì! Inú oorun ni iṣan ti ń dàgbà,
kì í ṣe níwájú dígí, kì í ṣe nínú fóònù lóru.
Bí àwẹ̀ bá wọlé, má wá dákú fún wa lọ́sàn-án;
lẹ́yìn àṣámù ni kí o máa wá.

Ìyá rẹ pàdé mi létí omi lánàá.
Sínótù ní o kò jẹun ilé mọ́, pé epo pọ̀ jù,
ó ń de abọ́ rẹ títí ọbẹ̀ fi ń dì.
Lónìí, gba ẹja dípò owó lọ́wọ́ oníbàárà ìkẹyìn.
Gbé e délé. Jókòó tì í.

Ó yá, dìde. Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i.
Fa èémí sínú kí o tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Ẹ̀yìn rẹ, Wàídì. Ẹ̀yìn rẹ!