Wàrà Kò Gbọdọ̀ Bá A Pàdé

Dolgorjav, wákàtí mẹ́ta ni mo fi gun alùpùpù
nínú òtútù tó ń géni létí bí ajá,
nítorí kápúsù kan tí o kò gbé mì bó ṣe yẹ.
Má bínú. Gbé tíì yẹn sílẹ̀ ná.

Mo mọ̀ pé nínú àgọ́ yìí, wàrà ni omi.
Wàrà lẹ fi ń kí àlejò,
wàrà lẹ ń wọ́n sójú ọ̀run bí ọmọ bá ń rìnrìn àjò.
Ta ni mí tí n ó fi pè é lọ́tá?
Kì í ṣe ọ̀tá. Ọ̀rẹ́ tí kì í jẹ́ ká lọ ni:
ó rí òògùn lọ́nà, ó so mọ́ ọn lọ́rùn,
èròjà tó ń mú eegun le ló fi dè é bí okùn,
àwọn méjèèjì wé mọ́ra, wọn ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́.
Ìfun á wò wọ́n títí, á ní, "Ẹ kọjá,"
wọn á bá ìgbẹ́ jáde sẹ́yìn àgọ́
láìfojú kan ẹ̀jẹ̀.

Omi lásán. Ife kan, kó kún.
Kí o jókòó tì í; má sùn lé e lórí,
bó bá há sí ọ̀fun, iná ni.

Ṣé o rántí ewúrẹ́ oṣù kẹta, tí ọmọ rẹ̀ há sínú,
tí o ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, láìwọ ìbọ̀wọ́?
Àrùn ò kan ilẹ̀kùn.
Ojú egbò kékeré lórí àtàǹpàkò ló gbà,
ó wọnú mùdùnmúdùn eegun, ó tẹ́ ẹní.
Ìbà lálẹ́, òógùn láàárọ̀,
ìbàdí ń dún bí gàárì àtijọ́.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ń lé irú àlejò bẹ́ẹ̀.

Kápúsù á yọ́ nínú àpòlùkù,
ìfun kékeré á fà á mu bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa àkọ́rọ̀ òjò,
ẹ̀jẹ̀ á gbé e dọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀, oníbodè tí kì í sùn:
á tú ẹrù rẹ̀ wò, á mú díẹ̀, á ní kí ìyókù máa lọ.
Ó di oríkèé. Ó di ìbàdí. Ó di inú eegun.
Ibi tí àrùn sá sí, ẹ̀jẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ ara ò fẹ́ àjèjì, bó ti wù kó ṣoore tó.
Ẹsẹ̀ tó fi wọlé ni wọ́n ti ń sìn jáde,
kíndìnrín lápá kan, òróòro lápá kejì.
Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ìdajì ti lọ.
Ilẹ̀ tún ṣú, ìdajì ìdajì ló kù.
Ìdí tí mo fi ní kí o lo òmíràn nìyẹn
kí ti àná tó dàgbéré tán.

Èyí pupa ńkọ́, tí o ń lò kí o tó jẹun?
Nyamsambuu ló pè mí lórí fóònù, ohùn ń gbọ̀n:
"Ìyá àgbà ń tọ ẹ̀jẹ̀ sórí yìnyín!"
Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú tì mí; n kò kìlọ̀.
Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ìyá. Òògùn náà ni, ó ń lọ sílé.
Òógùn rẹ á pọ́n. Omijé pàápàá á pọ́n bí irin tó dípẹtà.

"Omijé wo?" lo dá mi lóhùn.
"Láti ìgbà tí Luvsan ti kú, n kò sunkún."

O kò ní aago. O na ìka sí oòrùn
tó ń gba ihò orí àgọ́ wọlé:
ó wà lára gàárì báyìí;
bó bá dé ara àpótí, wákàtí méjì ti pé,
wàrà lè padà wá.

Mo jáde. Atẹ́gùn gbá ọ lójú níbi tí o ti ń wò mí.
O fi apá aṣọ nù ún, o wo aṣọ náà,
o ká a pọ̀, o ò sọ nǹkan kan.

Tíì ti tutù nínú àwo.
Oòrùn ò tíì dé àpótí.