Mo Sọ Orin Kalẹ̀ fún Machteld

Machteld ti ilé ìwòsàn dé ní oṣù kọkànlá.
Ó so kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ irin létí odò àfọwọ́gbẹ́ Utrecht,
ó gun àtẹ̀gùn mi, ìgbésẹ̀ mọ́kànlélógójì,
ó mí, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì kọrin.
Ní ìlà kẹta, níbi tí orin ti ń nawọ́ sókè,
ohùn rẹ̀ dúró
bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀
tí kò bá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.
Kò wí nǹkan kan.
Èmi náà ń yí èèkàn okùn tí kò dẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la ti jọ ń ṣe orin yìí.
Ẹni tó kọ ọ́ ti di erùpẹ̀ kí baba ńlá wa tó dáyé.
Ìwé rẹ̀ kò sọ ohùn fún mi:
ìlà mẹ́fà ni, àti lẹ́tà wínníwínní,
ibi tí ìka yóò tẹ̀ nìkan ló ń sọ.
Lẹ́tà a: fi okùn sílẹ̀, jẹ́ kó dún fúnra rẹ̀.
Lẹ́tà d: ìdè kẹta lọ́rùn lúùtù, tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Reinout tó ń fun fèrè ní kí n wá ọmọdé
tí ọ̀fun rẹ̀ ṣì ń dán.
Mo ní, Reinout, bí ẹ̀wù kò bá gba ọmọ,
ẹ̀wù la ń tú,
a kì í gé ọmọ léjìká.

Ìṣísẹ̀ méjì péré. Lẹ́nu, kò tó nǹkan.
Ṣùgbọ́n lúùtù kì í fẹ́ ká ṣí òun nípò:
okùn tó ti ń dún lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ yìí
di èyí tí mò ń fi ìka kékeré lépa,
ìka tí yìnyín fi mí ṣubú lé lórí níjọ́sí;
ìka àkọ́kọ́ sì nà gbalaja lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà
bí ajá tó sùn dí ẹnu ọ̀nà.

Mo kọ, mo nu, mo kọ, títí aago ṣọ́ọ̀ṣì fi lù mẹ́ta.
Bí ìdílé bá kó kúrò lórí òkè lọ sí ẹsẹ̀ òkè,
ẹ̀gbọ́n ṣì ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò ṣì ni àbúrò,
àlàfo tó wà láàárín wọn kò sún.
Àfi ohùn kan,
ọ̀kan tó jábọ́ kọjá okùn tó nípọn jù lọ.
Kò sí ilé fún un nísàlẹ̀.
Mo gbé e padà sókè, lọ́dọ̀ orúkọ rẹ̀ kejì.
Ìdílé wo ni kò ní ẹni tí kò lè bá wọn kó?

N kò sọ fún un.
Lọ́jọ́ Sátidé, nílé àwọn arúgbó ní Amersfoort,
òjò ń rọ̀, okùn ìfun àgùntàn ń wú, ó ń ráhùn.
Ìlà kẹta dé.
Machteld rìn wọlé
bí ẹni tí ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ dè,
kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.
Bàbá kan níwájú gbàgbé ikọ́ tó ń wú.

Nígbà tí wọ́n pa iná gbọ̀ngàn,
ó ń di gèlè òtútù rẹ̀ mọ́ ọrùn,
ó wo ọwọ́ òsì mi pẹ́.
"Wessel," ó ní, "ìka kékeré rẹ ti wú."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ó gbé àpótí lúùtù
kọ́ èjìká ara rẹ̀,
ó ṣáájú mi bọ́ sínú òjò.