Sálúbàtà Ló Ń Tò

Aago mẹ́rin àárọ̀, ìlẹ̀kùn ò tíì ṣí.
Sálúbàtà ló tò sẹ́nu ọ̀nà,
ẹsẹ̀ ò sí nínú wọn.
Àwọn tó ni wọ́n ti fẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ igi àgbọn,
wọ́n ń sùn, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń pa ẹ̀fọn.
Níbí, bàtà ló ń tò fún ẹni tó ni ín,
kò sì sẹ́ni tó jẹ́ ti bàtà ẹlòmíì sẹ́yìn.

Èmi tí mo ti ń ti bẹ́ẹ̀dì láti ọdún mọ́kàndínlógún,
mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi.
Aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi wáyà rán, ti Ìyá Lamai ni:
àtọ̀gbẹ ti gba ìka ẹsẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀,
síbẹ̀ kò pààrọ̀ bàtà.
Ó máa ń di ẹja gbígbẹ sínú bébà ìròyìn fún dókítà.
Dókítà ò jẹ ẹ́.
Èmi ni mò ń jẹ ẹ́.
Èyí tí iyanrìn kún, tí ọ̀kan tóbi ju ìkejì lọ,
ti apẹja ni, inú òkùnkùn ló ti sáré wọ̀ ọ́.
Bàtà ọmọdé mẹ́ta, àwòrán ológbò lórí gbogbo wọn:
ibà ẹ̀fọn ti wọ ilé ẹ̀kọ́ Laem Thian.

Ìjì oṣù kẹwàá ò mọ̀ pé èèyàn ń sùn.
Lóru àná ni ọkọ̀ erékùṣù dé,
iná rẹ̀ ń mì bí orí ẹni tó ń tòògbé.
Hem ni wọ́n gbé wá. Ó tẹ ẹja tó jọ òkúta,
ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.
Dókítà Orathai, ọmọ Báńkọ́ọ̀kì
tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí wa fọ́dún mẹ́ta,
òòyì òkun kọ́ ọ kó tó kúrò ní èbúté;
ó bì lẹ́ẹ̀mejì sínú omi, ó fò sínú ọkọ̀.
Ó nu ẹnu. Ó ní, "Ẹ gbé omi gbígbóná wá."
Mo ti sọ lẹ́yìn rẹ̀ rí pé ọmọdé ni.
Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Kí ojúmọ́ tó mọ́, ọmọ Bọ́mà kan wọlé.
Òkun ló pè é kúrò nílé,
okùn àwọ̀n ló jẹ ìka rẹ̀ mẹ́ta,
okun ni kò rí mú wá sọ́dọ̀ wa.
Kò ní káàdì. Kò gbọ́ èdè wa.
Ẹ̀rù fọ́ọ̀mù bà á ju ẹ̀jẹ̀ lọ.
Nan Khin, ògbufọ̀ wa, tó ti bó edé ní ilé iṣẹ́ rí,
jókòó tì í, ó bi í ní ohun kan ṣoṣo:
"Kí ni ìyá rẹ ń pè ọ́?"
Ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin náà bú sẹ́kún.
Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀: Htay Paing.
Ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ẹni tí yóò sanwó, ó fò ó,
ó ní ilẹ̀ á mọ́ bá ìyẹn.

Àpá omi kan wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìbímọ,
ó ga tó èjìká mi.
Ọ̀gá àgbà mẹ́ta ti kun ilé yìí lọ́dà,
kò sẹ́ni tó kun ibẹ̀.
Àwọn aboyún a máa fọwọ́ tì í tí ìrọbí bá mú wọn.
Lọ́dún tí omi dé, ìyàwó mi ni mo wá wá síbí.
Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì kan rí i pé mo ṣì dúró,
ó ní kí n bá òun di bẹ́ẹ̀dì kan mú.
Mi ò tíì fi í sílẹ̀.

Aago méje. Ìlẹ̀kùn ṣí.
Olúkúlùkù ń wá ibi tí bàtà rẹ̀ wà, ó ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.
Ọ̀kan ṣẹ́ kù, aláwọ̀ aró, tí mi ò mọ olówó rẹ̀.
Mo nu òjò orí rẹ̀.
Mi ò yọ ọ́ kúrò lórí ìlà.