Ọtí Èbúté

Ní Níù Bẹ́dífọ́ọ̀dù, lálẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì,
tí yìnyín ń já bọ́ bí ìyẹ́ àdìẹ tí wọ́n ń tu,
mo bọ́ bàtà rọ́bà tí mo fi ń dúró nínú omi ẹja,
mo fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta,
síbẹ̀ òórùn ìṣáwùrú òkun kò tán ní èékánná mi.
Ìyùnadé ló so táì mọ́ mi lọ́rùn.
"Rọra mí," ó ní, "ilé oúnjẹ là ń lọ, kì í ṣe kóòtù."

Ogún ọdún rèé tí a ti ń jẹ́ tọkọtaya.
Mẹ́fà nínú rẹ̀, inú tẹlifóònù la gbé e.

Agbáwo náà ń jẹ́ Áńsẹ́lìmò, ọmọ Pọtogí,
irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ju aṣọ tábìlì lọ.
Kò tíì gbé omi dé tí mo ti sọ ọ́ jáde:
"Wáìnì pọ́ọ̀tù la fẹ́. Èyí tó dàgbà. Méjì."
(Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi dánra wò nínú ọkọ̀.)
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò bu ni kù.
"Ọ̀gá mi, ẹ̀yìn oúnjẹ ni tirẹ̀. Òun ló ń palẹ̀ mọ́."
Ojú tì mí.
Ìyùnadé tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì bí ẹni tẹ ìjánu.

A jẹ ẹja kan tí wọ́n fi ànàmọ́ àti òróró sè.
Ìyàwó mi ní pańla ni, ata ni wọ́n fi dù ú.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé e dé,
ife méjì, kékeré bí ìdérí ìgò oògùn ikọ́,
dọ́là méjìdínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan!
Mo ń ka iye ìkarahun tí màá là kí n tó rí i san,
nígbà tó yá, mo jáwọ́ nínú kíkà.
Àwọ̀ rẹ̀ dà bí àdí tó ti pẹ́ nínú ṣágo.
Áńsẹ́lìmò ní ogún ọdún ló lò nínú àgbá igi.
Ó ní bí omi àjàrà bá ń hó lọ́wọ́,
tí adùn rẹ̀ kò tíì jó tán,
wọ́n á da ọtí líle lé e, ìhó á dá wáí,
adùn tó bá ṣẹ́kù, ibẹ̀ ni yóò wà.
Ó ní èbúté kan nílùú àwọn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Mo tọ́ ọ wò. Háà!
Iléṣà ni mo bá ara mi,
nínú yàrá tí bàbá mi, wọ́dìnì ìjọ,
ń ti wáìnì oúnjẹ alẹ́ Olúwa mọ́.
Mo jẹ́wọ́ fún Ìyùnadé: ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí
tí mo ń jí i mu lálẹ́ Sátidé,
tí mo ń fi omi dí àlàfo rẹ̀,
tí gbogbo ìjọ fi mu àbùlà títí di Àjíǹde.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ po, ó ń yí i po.
"Èyí kọ́ lo fi sí mi lọ́wọ́.
Nígbà tí wọ́n fi físà dù mí lẹ́ẹ̀kejì ni mo ta tọ̀hún.
Ọjà Àtàkúnmọ̀sà ni mo ti ra èyí. Idẹ ni."

Mo wo inú ife mi.
Ní pápákọ̀ òfurufú Bọ́sítọ̀nì, lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn,
bó ṣe di ọwọ́ mi mú ni mo ti mọ̀:
tàtijọ́ ní àpá níbi tí alágbẹ̀dẹ ti jó o pọ̀,
èyí jọ̀lọ̀.
Mo gbé e mì lọ́jọ́ náà, mi ò pọ̀ ọ́.
N kò sọ pé mo mọ̀. N kò sì sọ pé n kò mọ̀.
Mo ní, "Ó mà ń dán o."
"Ọsàn wẹ́wẹ́ ni," ló wí,
"lálaalẹ́ Sátidé, bí o bá ti sùn."

Áńsẹ́lìmò mú ìwé owó dé.
Kí n tó rí àpamọ́wọ́ mi fà yọ, Ìyùnadé ti gbé ife mi,
ó mu èyí tó kù, kò tọrọ rẹ̀,
ó gbójú sókè sí bàbá Pọtogí:
"Èyí tó bá ti lo ogójì ọdún ńkọ́,
èló lẹ ń tà á?"