Ẹ Já Mi sí Àkùkọ

Ó ga ju òpó iná lọ,
ó funfun ju aṣọ Iléyá tí ìyá mi ń kó pamọ́ sínú àpótí,
ogbe orí rẹ̀ pupa bí epo tuntun.
Fáíbà ni. Orí tírélà ni wọ́n ti gbé e wá,
àyà lọ́tọ̀, itan lọ́tọ̀,
wọ́n fi nọ́ọ̀tì mẹ́jọ dè é mọ́ kọnkéré
níwájú ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìẹ ní Odogúnyán.
Mo bi bàbá mi pé, ṣé yóò kọ tí ilẹ̀ bá mọ́?
Ó ní, "Ó ń sinmi ni. Àwa la ó máa jí fún un."

Ráfíù Odùnúgà, ọlọ́dẹ ilé-iṣẹ́ náà:
kò sí nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pé kó wẹ ère,
ṣùgbọ́n bó bá di àárọ̀ Sátidé
á gbé àkàbà, á po ọṣẹ ìfọṣọ sínú korobá,
á gun ẹ̀yìn adìẹ náà bí ẹni gun ẹṣin.
Èmi ni mò ń di àkàbà mú.
Eruku tírélà, eruku àgbàdo lílọ̀,
gbogbo rẹ̀ ń ro sí mi lórí bí omi ògì.
"Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà,"
ni yóò máa wí lókè,
"èmi Ráfíù ni mo mọ̀ ọ́n lágbà."
Nígbà mìíràn màá gbé etí lé ẹsẹ̀ rẹ̀ gbàǹgbà.
Inú rẹ̀ ṣófo. Atẹ́gùn ń dún níbẹ̀
bí ẹni ń fẹnu fọn ìgò.

Ìyá wa kò fẹ́ràn rẹ̀.
Ó ní kí ni kéèyàn máa wẹ̀ fún ohun tí kò lẹ́mìí.
Síbẹ̀ òun náà ló kọ́ wa:
"Bí ẹ bá sọnù, ẹ má sunkún káàkiri,
ẹ lọ dúró lábẹ́ àkùkọ."
Ọjọ́ tí wọ́n wá Kẹ̀bírù títí ilẹ̀ fi ṣú,
tí wọ́n ti yẹ kànga wò, tí wọ́n ti kéde ní mọ́sálásí,
abẹ́ ìrù ère náà la ti rí i,
ó ti sùn lọ, ọwọ́ rẹ̀ kan di èékánná fáíbà mú.
Ìyá mi gbé e sẹ́yìn. Kò wí nǹkan kan.
Ó kàn fi etí ìró nu ẹsẹ̀ àkùkọ náà lẹ́ẹ̀kan,
bí ẹni nu imú ọmọ.

Ilé-iṣẹ́ kú. N kò mọ ohun tó pa á.
Bàbá mi ṣì lọ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, láìgbowó.
Ọ̀dà ń ṣí. Wọ́n lẹ ojú olóṣèlú mọ́ itan rẹ̀,
wọ́n lẹ òmíràn bo ti àkọ́kọ́.
Ológoṣẹ́ kọ́ ìtẹ́ sí i lẹ́nu;
ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn jáde níbẹ̀.

Ọdún tí wọ́n fẹ ọ̀nà, ayùn ni wọ́n fi gé e.
Bàbá mi kò sí láyé mọ́ láti rí i.
Wọ́n ní àwọn tó gé e funfun
bí ẹni tó jáde nínú ilé ìlọ-èlùbọ́.
Fọganáísà kan gbé apá kan, ó fi ṣe ìbòòrùn.
Èmi fúnra mi rí orí rẹ̀ nínú oko kan lọ́nà Ìmọ̀tà,
adìẹ gidi kan sàba sínú rẹ̀.

Lánàá mo wọ kẹ̀kẹ́.
"Ibo ni, mọ̀má?"
"Ẹ já mi sí Àkùkọ."
Ọmọkùnrin náà kò tíì pé ogún ọdún. Kò rí i rí.
Síbẹ̀ ojú ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ló dúró sí.
Nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ṣì wà lára kọnkéré, wọ́n ti dípẹtà,
ẹnìkan so àgbò mọ́ ọ̀kan.
Mo la ẹnu láti sọ fún un;
ó ti ṣẹ́rí kẹ̀kẹ́ padà, ó ń wá èrò mìíràn.
Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀. Oòrùn mú.
Ìyá mi ló ní ká dúró.