Àbẹ̀wò sí Pòrógun

Mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn bí àlejò,
mo sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde,
mo ní mo wá wo àárín ìlú àtijọ́.
Ṣógbèsan, ọmọkùnrin tó ń lẹ táyà,
nu ọwọ́ sára ṣòkòtò:
ẹgbẹ̀rún kan náírà, kò sí ìdúnàádúrà.

Ó mọ ilé ju ènìyàn lọ.
"Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ èyí.
Èyí, ọmọ méje ló ń jà sí i,
ewúrẹ́ ló ń gbé e."
Òpó mẹ́rin, òdòdó sìmẹ́ńtì lórí wọn,
kìnnìún kékeré kan tí imú rẹ̀ ti já,
fèrèsé onígi tó ń mì bí eyín tó fẹ́ yọ.
Mo ń ya gbogbo rẹ̀.
Ọ̀nà ń há sí i títí a fi ń fẹ̀gbẹ́ rìn,
òórùn gàrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú agbada ń tẹ̀ lé wa.

Níwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, mo dúró.
1931 ló wà lókè ìlẹ̀kùn,
ìka ni wọ́n fi kọ ọ́ nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù,
ẹẹ́ta náà sì kọ ẹ̀yìn sí wa.
Mo gbé kámẹ́rà sójú.

"Lèsí nì yẹn?"
Òkè ni ohùn náà ti wá.
Mo ní mo kàn wá wòran ni, mà.
"Mo ní, ọmọ lèsí?"
Mo dárúkọ bàbá mi.

Kẹ́kẹ́ pa.
Lẹ́yìn náà, bàtà rọ́bà lórí àkàbà,
ọ̀kan,
ọ̀kan.
Ìyá Ọnàbóyè wo iwájú orí mi, kò sọ nǹkan kan.
Ó wo etí mi.
Etí ló gbà gbọ́.

Ó wọlé lọ mú ìwé kan tí epo ti rin:
Owó Òrùlé.
Bírò búlúù ni wọ́n fi kọ orúkọ bàbá mi,
níwájú rẹ̀, òfo, òfo, òfo,
láti ọdún tó ti lọ sí Jọ́ọ̀sì
títí di ọdún tí a sin ín sọ́hùn-ún.
Kò bínú. Ó kàn fi ìka han mí
ibi tí òjò ń gbà wọlé,
abọ́ mẹ́ta tó gbé dúró dè é,
ọ̀kan nínú wọn jẹ́ póò ọmọdé.

Mo ti kámẹ́rà bọ àpò,
mo ka owó sílẹ̀ lórí àkàbà.
Ṣógbèsan wúkọ́: tòun yàtọ̀.
Ìyá kọ orúkọ mi sábẹ́ ti bàbá mi,
ó fẹ́ ẹ lẹ́nu kó lè gbẹ,
ó gbójú sókè:
"Ṣé o láàbúrò?"