Àká Tí Kì í Sùn

Aago méjì òru, yàrá tutù bí ìdí àmù.
Nínú ọgbà yunifásítì, n'Ífẹ̀,
èmi nìkan ni mo jókòó ti àká náà.
Ó ń kùn bí oyin tí ẹnìkan fọwọ́ kàn.

Igba dísíìkì, ẹnu kan ṣoṣo.
Ẹ gbé fáìlì fún un, kò ní í gbé e mì lódidi:
á gé e wẹ́wẹ́, á há a fún ogún, á há a fún ọgbọ̀n,
bí ẹran Iléyá tó dé agboolé,
kí ogún ọwọ́ lè jọ gbé e jáde
lọ́jọ́ tí ẹ bá bèèrè.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà lápá òsì
tí kò gbé ẹrù kankan. Orúkọ nìkan ló ń gbé.
Òun ló mọ ibi tí itan wà, ibi tí orí wà.
Bó bá dákú, ẹran gbogbo di eegun aláìlórúkọ.
Òun ni mo máa ń kí kí n tó kí ọ̀gá mi.

Lóru òní, àká ti kún dé ọrùn.
Morádékẹ́ tó ń ka àbùdá ẹ̀gẹ́ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta:
"Bọ̀ọ̀dá Adéjùyìgbé, iṣẹ́ mi dúró,
ó dúró gbagidi bí ewúrẹ́ tó rí omi."

Òfin wa kò lọ́jú pọ̀, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn:
ohun tí ọwọ́ kò kàn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́,
ìgbálẹ̀ ló ni ín.
Mo wá a. Mo rí i.
Mílíọ̀nù mẹ́rin fáìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná lọ,
gbogbo wọn ń fa ẹlòrúkọ láṣọ ya,
lábẹ́ orúkọ Ìjàdúnọlá.

Òjò Odò Ọ̀pá ni.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, fún ọdún mọ́kànlá.
Èyí tó rọ̀. Èyí tó ṣú tí kò rọ̀.
Ọ̀kan tiẹ̀ ń jẹ́ "ó-kù-díẹ̀-kí-n-ṣubú-sódò".
Ogún oṣù rèé tí a sin ín sí Iléṣà,
owó bọ́ọ̀lì mi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Àká àjọlò kì í ṣe ibojì, mo mọ̀.
Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnì.

Ni mo bá tún yẹ àkọsílẹ̀ wò:
lánàá, aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin,
ẹnìkan ṣí ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré.
Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní.
Mo ka orúkọ bàbá rẹ̀, mo gbọ́wọ́ kúrò.

Mo di mílíọ̀nù mẹ́rin ní ìdì kan,
mo gbé e lọ sórí téépù, níbi tí nǹkan ti ń falẹ̀
ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó ń lé wọn.
Ẹyọ kan yẹn, mo fi í síbi tó wà.

Iṣẹ́ Morádékẹ́ mí kanlẹ̀, ó gbéra.
Níta, òjò ń kán sórí páànù jẹnẹrétọ̀.
Kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n.